Ohun Márùn-ún Tí Kíbọ́ọ̀dù Kò Ní

Ẹni tí ó bá jókòó ti láptọ́ọ̀pù, tí ó sì wo ìlà òkè pátápátá lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, yóò rí àwọn bọ́tìnì kan tí àwòrán gbohùngbohùn kékeré wà lójú wọn. Ọ̀kan ń gbé ohùn ẹ̀rọ sókè, èkejì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ̀kẹta ń pa á mọ́lẹ́nu pátápátá. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bọ́tìnì tí ń dá orin dúró àti èyí tí ń fo orin kan dé orí òmíràn wà nítòsí wọn. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ti rò ó dáadáa pé ẹni tí ó ń gbọ́ orin kò gbọdọ̀ ṣe wàhálà kí ó tó yí ohùn padà. Ìka kan ti tó.

Ṣùgbọ́n bí ẹni kan náà bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ kékeré bí "ọkọ̀", ọ̀rọ̀ tí kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ, kò sí ìka tí yóò gbé e, kò sí bọ́tìnì tí a yà sọ́tọ̀ fún un. Èdè Yorùbá ní ohùn mẹ́ta: ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Lóòótọ́, gbígbé ohùn orin sókè kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ohùn òkè nínú ọ̀rọ̀. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ariwo púpọ̀ tàbí díẹ̀, ti èkejì ni ó ń ya ìtumọ̀ kan kúrò lára òmíràn. Síbẹ̀, ohun ìyanu ni pé ẹ̀rọ tí ó fi odindi bọ́tìnì mẹ́ta sílẹ̀ fún ohùn orin kò fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ohùn ọ̀rọ̀.

Kí ni ó kù gan-an? Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá jẹ́ lẹ́tà 25. Bí a bá yọ ẹ, ọ àti ṣ kúrò, gbogbo ìyókù ni ó wà lórí kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé g àti b ni a fi ń kọ gb. Lẹ́yìn lẹ́tà mẹ́ta yìí, àmì ohùn méjì ni ó kù, àmì ohùn òkè àti àmì ohùn ìsàlẹ̀. Ohùn àárín kì í sábà gba àmì. Mẹ́ta àti méjì jẹ́ márùn-ún. Ohun márùn-ún péré ni kíbọ́ọ̀dù kò ní, nítorí ohun márùn-ún yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tí a ń tẹ̀ lójoojúmọ́ fi ń jáde ní ìhòòhò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó bá ń lo Linux lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ bọ́tìnì èyíkéyìí di ohun tí ó wù ú, títí kan àwọn bọ́tìnì orin wọ̀nyẹn. Nítorí náà, àwíjàre pé "kọ̀ǹpútà kò ní àmì" ti kọjá àkókò rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń tún kíbọ́ọ̀dù ṣe di ara ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá ní ilé-ìwé girama.

Àwíjàre tí ó ti di àṣà

Ẹ jẹ́ kí a gbé gbólóhùn kékeré kan yẹ̀ wò: "Baba mi feran eko." Kí ni baba fẹ́ràn? Ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ ní ilé-ìwé. Ó lè jẹ́ ẹ̀kọ tí à ń fi àkàrà jẹ. Ó sì lè jẹ́ Èkó, ìlú ńlá etí òkun. Ọ̀mọ̀wé ni baba ni, tàbí olóúnjẹ, tàbí aráàlú ńlá? Kò sí ohun tí ó lè dá òǹkàwé lójú nínú gbólóhùn náà fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ogun" tí kò ní àmì: ogun tí à ń jà, ogún tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ, ogún tí ó tẹ̀lé mọ́kàndínlógún, Ògún onírin, Ògùn odò. Bí a bá fi irú èyí ṣe ìbéèrè ìdánwò, akẹ́kọ̀ọ́ ni a fi ìyà jẹ, kì í ṣe kọ̀ǹpútà.

Ohun tí ó burú jù ni pé àṣà náà ti ń ní ìdí tí ó dà bí òtítọ́. Olùkọ́ tí ó kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ohùn láàárọ̀, tí ó fi ẹfun kọ ọ́ sójú pátákó láìṣe àṣìṣe, ni yóò tẹ ìbéèrè ìdánwò lọ́sàn-án láìsí àmì kankan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè, èsì kan ni yóò gbọ́: ẹ̀rọ kò ní in. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ ni yóò ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ohun àtijọ́ ni àmì ohùn, ohun tí a ń fi ọwọ́ ṣe fún máàkì, tí kò sì bá ayé kọ̀ǹpútà mu. Ẹ̀kọ́ méjì ni olùkọ́ kọ́ ọ lọ́jọ́ kan náà, ìkejì sì ni ó wọ̀ ọ́ lára jù.

Ó yẹ kí a rántí onílù dùndún. Onílù kò ní lẹ́tà kankan lọ́wọ́. Kò ní a, kò ní b. Ọṣán ìlù ni ó ń fún mọ́ra, ohùn á lọ sókè. Ó ń tú u sílẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Ohùn nìkan ṣoṣo ni ó fi ń ki oríkì ọba, tí ọba á sì mọ̀ pé òun ni a ń pè. Onílù ń sọ̀rọ̀ láìní lẹ́tà. Òǹtẹ̀wé òde òní ń to lẹ́tà láìní ohùn. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni ó sún mọ́ èdè Yorùbá jù? Kò yẹ kí ìdáhùn ìbéèrè yìí nira fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró níbi ayẹyẹ kan rí.

Nọ́ńbà ni bọ́tìnì ń sọ

Ohun tí ó mú kí àwíjàre yìí rọrùn láti gbàgbọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé lẹ́tà tí a yà sójú bọ́tìnì ni bọ́tìnì náà jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìka bá tẹ bọ́tìnì, kíbọ́ọ̀dù kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́. Nọ́ńbà ni ó ń fi ránṣẹ́. Ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà á gba nọ́ńbà náà, á wo inú àtẹ kan, àtẹ náà ni yóò sì sọ ohun tí nọ́ńbà náà túmọ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá tí ó bá mọ àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ tí a fi ránṣẹ́ kò ní ìtumọ̀ nínú ara rẹ̀. Àdéhùn tí ó wà láàárín ẹni tí ó fi ránṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á ni ó sọ pé ẹ̀fà ń sọ̀rọ̀ nípa fífà mọ́ra, pé ẹ̀jọ sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra. Kíbọ́ọ̀dù jẹ́ ẹni tí ó ń fi àrokò ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ni ó ń tú u. Bí a bá yí àdéhùn padà, ìtumọ̀ á yí padà, bẹ́ẹ̀ ni a kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rárá.

Àwọn bọ́tìnì orin ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù. Nínú Linux, nọ́ńbà 113 ni bọ́tìnì tí ń pa ohùn mọ́lẹ́nu, 114 ni èyí tí ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, 115 sì ni èyí tí ń gbé e sókè. Nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ X, ètò tí ó ti ń bójú tó ojú kọ̀ǹpútà Linux láti ọjọ́ pípẹ́, a ó ti fi 8 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan: wọ́n á di 121, 122 àti 123. Bí ènìyàn bá ṣí terminal, tí ó kọ xev síbẹ̀, tí ó sì tẹ bọ́tìnì kan, nọ́ńbà náà yóò jáde lójú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí àtẹ fún un. Orúkọ ìgbohùnsókè ni XF86AudioRaiseVolume, ti ìrẹ̀sílẹ̀ ni XF86AudioLowerVolume, ti ìpamọ́lẹ́nu sì ni XF86AudioMute.

Ìgbà mìíràn wà tí a fi Linux sórí láptọ́ọ̀pù, tí bọ́tìnì orin kan kò sì ṣiṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, bọ́tìnì náà kò bàjẹ́. Nọ́ńbà ń jáde, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ fún un nínú àtẹ. Ọmọ tí a kò tí ì sọ lórúkọ ni. Bí a bá tilẹ̀ pè é láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní jẹ́ni lóhùn. Àwọn àgbà sì sọ pé ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó ń lo Linux lè wo ilé tirẹ̀, kí ó sọ bọ́tìnì náà lórúkọ tí ó bá ilé náà mu. Bí ilé olórin bá nílò ìgbohùnsókè, kí ó jẹ́ ìgbohùnsókè. Bí ilé òǹkọ̀wé Yorùbá bá nílò àmì ohùn òkè, kí ni ó dé tí kò fi ní jẹ́ àmì ohùn òkè?

Àṣẹ méjì péré ni iṣẹ́ náà gbà lórí X:

xmodmap -e "keycode 123 = U0301"
xmodmap -e "keycode 122 = U0300"

U0301 ni nọ́ńbà àmì ohùn òkè nínú Unicode, àtẹ àgbáyé tí ó fún gbogbo lẹ́tà àti àmì ní nọ́ńbà tirẹ̀. U0300 ni ti àmì ohùn ìsàlẹ̀. Láti ìgbà náà, bọ́tìnì tí ó ń gbé ohùn orin sókè á máa gbé ohùn ọ̀rọ̀ sókè: a ó tẹ a, a ó tẹ̀ ẹ́, á á jáde. Èyí tí ó ń rẹ ohùn sílẹ̀ á máa fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé lẹ́tà lórí. Ìpamọ́lẹ́nu nìkan ni a fi sílẹ̀ fún orin. Ìgbésókè àti ìrẹ̀sílẹ̀ ohùn orin ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi mouse fà á. Bí a bá pa kọ̀ǹpútà kí a tó tún un tàn, àṣẹ méjèèjì á ti pòórá. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò ṣe ń kọ ọ́ sínú fáìlì kan tí kọ̀ǹpútà á máa kà nígbà tí ó bá ń jí.

Ìdí tí Linux fi yàtọ̀

Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki ní Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991. Ní 1992 ni ó fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ GPL, èyí tí ó wá láti inú iṣẹ́ GNU tí Richard Stallman kéde ní Amẹ́ríkà ní 1983. Ìwé àṣẹ náà fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti wo inú ètò náà, láti yí i padà, àti láti fún ẹlòmíràn ní ohun tí ó yí padà náà. Kò béèrè bóyá ẹni náà jẹ́ ará Finland tàbí ará Ìbàdàn.

Àǹfààní ẹ̀tọ́ yìí hàn nínú ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù. Àwọn àtẹ tí ó ń tú àrokò bọ́tìnì kò fara pa mọ́ sínú àpótí tí a tì pa. Ìwé lásán ni wọ́n, tí ènìyàn lè ṣí kí ó kà. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux, fáìlì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ng, tí í ṣe ti Nàìjíríà, ní /usr/share/X11/xkb/symbols. Nínú rẹ̀ ni a ti rí àtẹ fún Haúsá, fún Ígbò, àti fún Yorùbá. Kò sí ẹni tí yóò san owó kí ó tó lò ó. Kò sí pé a ń wá a kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti wà nínú ẹ̀rọ láti ọjọ́ tí a ti fi Linux sí i. Ẹni tí ó bá wọ ibi ètò kíbọ́ọ̀dù, tí ó wá Nàìjíríà, tí ó sì mú Yorùbá, ti gbà á. Ẹni tí ó fẹ́ràn terminal lè kọ èyí:

setxkbmap -layout ng -variant yoruba

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí kò bá fẹ́ pààrọ̀ odindi kíbọ́ọ̀dù lè yan bọ́tìnì kan, bí Alt ọwọ́ ọ̀tún, kí ó sọ ọ́ di bọ́tìnì Compose, bọ́tìnì tí ń so nǹkan pọ̀. Bí ó bá tẹ Compose, tí ó tẹ àmì ìyanu (!), tí ó sì tẹ e, ẹ ni yóò jáde. Bí ó bá fi o parí rẹ̀, ọ ni. Bí ó bá fi s parí rẹ̀, ṣ ni. Lẹ́tà mẹ́ta ti dé. Bọ́tìnì orin méjì ti di àmì ohùn méjì. Ohun márùn-ún ti pé, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ó ra nǹkan kan.

A kò sọ pé Linux nìkan ni ó ní ọ̀nà. Windows náà ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú àwọn ètò rẹ̀, Mac náà sì ní ọ̀nà tí a lè gbà tẹ àwọn àmì wọ̀nyí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni ti ẹni tí ó ní àṣẹ. Níbòmíràn, ohun tí a fún òǹkọ̀wé ni yóò lò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, àfi kí ó wá ẹni tí yóò bá a ṣe òmíràn. Nínú Linux, olùkọ́ Yorùbá kan àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè ṣí àtẹ náà, kí wọ́n jíròrò ibi tí ṣ yẹ kí ó wà, kí wọ́n gbé e síbẹ̀, kí wọ́n sì fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ilé-ìwé kejì. Àwùjọ tí ó lè jókòó pinnu bí òun yóò ṣe máa kọ èdè òun, àwùjọ tí ó ní èdè rẹ̀ lọ́wọ́ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀

Kò yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìṣòro mọ́lẹ̀. Fáwẹ̀lì méje ni Yorùbá ń fi ẹnu pè: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba àmì méjì, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 14. Mẹ́wàá nínú wọn, láti orí á dé orí ù, ni Unicode fún ní nọ́ńbà tiwọn. Mẹ́rin tí ó kù, ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A ní láti kọ lẹ́tà náà, kí a tó gbé àmì lé e lórí. Ìdí nìyí tí àmì fi máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójú ẹ̀rọ tí fọ́ǹtì rẹ̀ kò dára, tí ọ̀rọ̀ á sì dà bí ẹni tí fìlà rẹ̀ bọ́ sí èjìká.

Èkejì ni ti àmì abẹ́ lẹ́tà. Àwọn kan ń lo kíkán tí ó rí roboto, àwọn mìíràn ń lo ìlà òòró kékeré. Lójú ènìyàn, ẹ ni méjèèjì. Lójú kọ̀ǹpútà, ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n: kíkán ń jẹ́ U0323, ìlà ń jẹ́ U0329. Bí ìwé kan bá lo ìlà, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì fi kíkán wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà lè sọ fún un pé kò sí, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wà níwájú rẹ̀ gbangba. Ilé-ìwé tàbí ilé ìtẹ̀wé tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ ṣeé wá gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan, kí ó sì dúró tì í.

Ẹ̀kẹta, àṣẹ xmodmap tí a kọ sókè jẹ́ ti X. Wayland ti ń gba ipò X lórí ọ̀pọ̀ Linux tuntun, kò sì ń fetí sí xmodmap. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà tàbí ti Compose ni ó dára jù. Ọ̀nà lè yí padà, ṣùgbọ́n òfin ìpìlẹ̀ kò yí: nọ́ńbà ni bọ́tìnì ń sọ, ènìyàn ni ó ń fún un ní ìtumọ̀.

Èsì fún àwọn tí kò gbà

Àwọn kan á sọ pé òǹkàwé yóò mọ ohun tí à ń sọ láti inú gbólóhùn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá láti inú ilé lè mọ̀ ọ́n lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ta ni à ń kọ ìwé fún? Ọmọ tí a bí sí London tí ó ń kọ́ èdè náà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi ṣe ìtọ́nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí èdè abínibí rẹ̀ jẹ́ òmíràn kò ní in. Kọ̀ǹpútà tí ó ń ka ìwé sókè fún afọ́jú kò ní in. Bí ó bá rí "owo", kò mọ̀ bóyá owó ni yóò pè tàbí òwò. Nínú ewì pàápàá, níbi tí akéwì ti ń fi ohùn ṣeré, tí ó ń fi ọ̀rọ̀ kan pe òmíràn, mímú àmì kúrò dà bí ẹni tí ó gé ọṣán ìlù kí ó tó gbé e fún onílù.

Àwọn mìíràn á ní ó ń fi àkókò ṣòfò. Níbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé kíkọ fúnra rẹ̀ rí ní ọdún àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé. Ìka tí ó mọ ibi tí bọ́tìnì ohùn orin wà láìwò ó kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí bọ́tìnì ohùn ọ̀rọ̀.

Àtakò tí ó wúwo jù ni ti àwọn tí ó sọ pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kò ní kọ̀ǹpútà, pé iná kò sì dúró. Kò sí ẹni tí ó lè fi èyí ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìdánwò tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún ilé-ìwé náà, ibì kan ni a ti ń tẹ̀ ẹ́. Ìwé kíkà wọn, ibì kan ni a ti ń tẹ̀ ẹ́. Bí ilé-ìwé bá ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní ọ́fíìsì ọ̀gá, kọ̀ǹpútà kan náà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Linux sì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ àtijọ́ tí àwọn mìíràn ti kọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan gan-an ni ó lè jàǹfààní rẹ̀ jù.

Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀

Àkọtọ́ Yorùbá kò ṣàdédé bọ́ láti ọ̀run. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1875, ìpàdé kan wáyé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a óò ṣe máa kọ èdè náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé rẹ̀ lórí àkọtọ́ Yorùbá jáde ní 1965, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Láti ìgbà náà ni "aiye" ti di "ayé", tí "enia" sì ti di "ènìyàn". Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí kò ní kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn kò ní àmì, gègé ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé fi ń fi àmì sí orí tákàdá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò sọ pé ẹ̀rọ kò ní in.

Ẹ̀rọ òde òní ní in, bí a bá ti lè sọ fún un pé kí ó ní in. Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ kọ̀ǹpútà jókòó pọ̀ fún wákàtí kan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan mọ bí a ṣe ń ṣí àtẹ kíbọ́ọ̀dù, kí ó sì kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀. Kí ó di òfin pé ìbéèrè ìdánwò Yorùbá tí kò ní àmì yóò padà sọ́wọ́ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní àmì ṣe ń pàdánù máàkì. Ohun tí olùkọ́ kò bá lè ṣe, kò yẹ kí ó fi jẹ akẹ́kọ̀ọ́ níyà.

Ohun tí à ń tẹ̀ lónìí ni àwọn ọmọ yóò bá nílẹ̀. Òun náà ni àwọn ẹ̀rọ tí ń túmọ̀ èdè ń kà láti kọ́ Yorùbá. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ aláìlóhùn kún ayé, Yorùbá aláìlóhùn ni ayé yóò dá padà fún wa. Ọwọ́ ara ẹni ni a sì fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Bọ́tìnì tí yóò gbé ohùn ọ̀rọ̀ sókè ti wà lórí láptọ́ọ̀pù tipẹ́. Orúkọ tuntun ni ó ń retí.